Ìrìn ẹsẹ̀ létí òkun Àgbádárìgì: ta ló ti ṣe é rí láti ọ̀dọ̀ wa níbí?

Ọmọ_Táńkẹ̀ (Ìlọrin)

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àǹtí ìyàwó mi kan wà ní Newcastle, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà ìsinmi tó kọjá, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé báàgì kéékèèké kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n ń fẹsẹ̀ rin etí òkun láti abúlé dé abúlé. Kò sí afinimọ̀nà, kò sí mọ́tò, ilé-olódi àtijọ́ ni wọ́n ń wò lọ. Látìgbà tó ti fi fótò rẹ̀ ránṣẹ́ ni ọkàn mi ò ti sí nílé mọ́.

Èmi náà fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa níbí. Kwara ò ní òkun, ìyẹn ò lẹ́jọ́ nínú, ni Àgbádárìgì bá sọ sí mi lọ́kàn: òkun wà níbẹ̀, ọ̀sà wà níbẹ̀, ìtàn sì kún ibẹ̀. Èmi, ìyàwó mi àti àbúrò rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìjọba tán la fẹ́ lọ, ọjọ́ mẹ́ta, kò ní ju mẹ́rin lọ. Ṣé ó ṣeé rìn láìsí ẹni tó ń ṣáájú wa? Ṣé ìyanrìn yẹn ṣeé fẹsẹ̀ tẹ̀ lọ́nà jíjìn? Kí la sì máa rí níbẹ̀ tó tó ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ wọkọ̀ láti Ìlọrin? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n wa mọ́tò lọ. Ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ fi rìn.

Baba_Kẹ̀kẹ́ (Ìlọrin)

Háà! Nígbà tí epo wọ́n tí à ń fẹsẹ̀ rìn láti Post Office dé Ọjà Ọba, kò sẹ́ni tó pè é ní ìgbafẹ́ o. 😂

Ọmọ_Ọ̀fà_Lókè_Òkun

Èmi ni àǹtí tó ń sọ. Ẹ kú àárọ̀ o. Kí n ṣàlàyé díẹ̀ kí Baba Kẹ̀kẹ́ má baà rò pé òtútù ti yí wa lórí.

Agbègbè Northumberland la ti rìn. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó tẹ̀lé etí òkun fún nǹkan bí 100 kìlómítà títí dé Berwick, lẹ́bàá ààlà Scotland. A ò rin gbogbo rẹ̀, ibi tó wù wá jù nínú rẹ̀ la mú. Wọ́n ri òpó kéékèèké mọ́lẹ̀, wọ́n ya àmì sí i lára, máàpù sì wà lọ́wọ́ wa, ìdí nìyẹn tí a ò fi wá ẹni tó máa fọ̀nà hàn wá. Ẹrù ńlá, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ilé tí ẹ máa sùn lálẹ́. Omi, ìpápánu àti ẹ̀wù òjò nìkan lẹ máa gbé kọ́ ẹ̀yìn.

Abúlé kan ń jẹ́ Craster. Èéfín igi óákù ni wọ́n fi ń yan ẹja níbẹ̀, òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ pàdé wa. Láti ibẹ̀ lẹ ti máa rí ilé-olódi Dunstanburgh lókèèrè lórí àpáta, inú pápá lẹ sì máa gbà débẹ̀, àgùntàn á máa jẹko lósì, òkun á máa hó lápá kejì. Ìjòyè kan, Thomas ti Lancaster, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní 1313, nígbà tí àárín òun àti ọba rẹ̀ ò gún mọ́. Ọba bẹ́ ẹ lórí ní 1322. Mo dúró lẹ́nu géètì ńlá yẹn, mo ní ọ̀rọ̀ oyè yìí, kò síbi tí kò sí.

Ibi tó dẹ́rù bà mí ni Lindisfarne. Erékùṣù ni, títì kan ló so ó mọ́ ilẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ sì ni òkun ń bo títì náà mọ́lẹ̀. Wọ́n kọ àkókò tó ṣeé kọjá sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, síbẹ̀ lọ́dọọdún ni omi ń ká àwọn onímọ́tò mọ́ àárín. Wọ́n kọ́ ahéré kékeré kan sórí òpó gíga, ibẹ̀ ni ẹni tí omi bá ká mọ́ máa gùn. Erékùṣù yẹn náà ni àwọn Viking ya wọ̀ ní 793, tí wọ́n pa àwọn mọ́ńkì, tí wọ́n kó dúkìá wọn.

Ti Àgbádárìgì, ẹ bi àwọn tó mọ ibẹ̀. Èmi ò débẹ̀ rí, ìtìjú ló sì jẹ́ fún mi láti sọ ọ́.

Ìgbómìnà_Gidi (Orò)

Ẹ kú ìmúra o. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí gbogbo wa fi ń kọjá ilé lọ sí oko ẹlòmíì? Omi Òwu wà ní Ọ̀wà Kájọlà, ó ń já láti orí àpáta tó ga ju 100 mítà lọ, ẹsẹ̀ lẹ sì máa fi rìn débẹ̀ bí ẹ bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ère òkúta Ẹsìẹ́ wà ńlẹ̀, ó lé ní ẹgbẹ̀rún, ilé tí wọ́n kó o sí ni mùsíọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, 1945 ni wọ́n ṣí i. Ẹ rí òkun, ẹ fẹ́ gbàgbé àpáta.

Ọmọ_Táńkẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, a ti dé Òwu, a ti dé Ẹsìẹ́. Òkun ló kù.

Ìyá_Wàrà (Ìlọrin)

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Mo gbé Àgbádárìgì nígbà tí ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu bodè.

Ọmọ_Táńkẹ̀, má ì tí ì ronú òkun. Inú ìlú ni kí ẹ kọ́kọ́ rìn, kí ẹ fún un ní odidi ọjọ́ kan. Àwọn ibi tí ẹ fẹ́ rí ò jìnnà síra, ẹsẹ̀ ló yẹ wọ́n. Àwọn èèyàn ń gun ọ̀kadà láti ọ̀kan dé ìkejì, wọ́n á sì ti rí gbogbo rẹ̀ tán kó tó di ọ̀sán, wọ́n á wá ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti mùsíọ̀mù tó wà nínú ọ́fíìsì Ajẹ́lẹ̀ àtijọ́. 1863 ni wọ́n kọ́ ilé náà. Àwọn tó ń mú ni káàkiri inú rẹ̀ á ṣàlàyé láti yàrá dé yàrá, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán. Ìrìn àìlẹ́nìkan-ṣáájú yín dára lójú títì, ṣùgbọ́n inú àwọn ilé yìí, ẹ gba afinimọ̀nà, kí ẹ sì fún un lówó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìtàn yẹn, ẹnu wọn ló wà, kò sí lára ògiri.

Ẹ kọjá síbi igi Àgíà. Igi ò sí níbẹ̀ mọ́, ó wó ní 1959, òkúta ìrántí lẹ máa bá. Abẹ́ rẹ̀ ni Thomas Birch Freeman àti Henry Townsend ti wàásù ní 1842. Ẹ wá bọ́ sí Màrínà, létí ọ̀sà, níbi tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ nílẹ̀ wa wà. Wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1842, wọ́n parí rẹ̀ ní 1845.

Agboolé Sẹ̀ríkí Abass lẹ máa pẹ́ sí jù, ó kéré tán èmi pẹ́ níbẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Yewa ni ọkùnrin náà. Wọ́n mú un lẹ́rú dé Brazil, ó padà wá sílé, òun náà sì wá di olówò ẹrú. Wọ́n ní yàrá ogójì ló wà níbẹ̀ nígbà náà, ogójì èèyàn nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Mo wọ ọ̀kan. Fèrèsé rẹ̀ kékeré, ó ga ju orí mi lọ, bí mo ṣe na ọwọ́ tó, etí rẹ̀ nìkan ni mo lè kàn, mi ò lè yọjú. Ní ìṣẹ́jú díẹ̀ òógùn ti rin gèlè mi, èmi nìkan ni mo sì wà níbẹ̀, ìlẹ̀kùn sì wà ní ṣíṣí. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí ilé àwọn Mobee. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n á gbé e lé yín lọ́wọ́ kí ẹ mọ bó ṣe wúwo tó. Ti ọmọdé wà nínú rẹ̀. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya fótò.

Ọjọ́ kejì ni kí ẹ tó kọjá sí Gberefu, ilẹ̀ tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun. Màrínà lẹ ti máa wọ ọkọ̀ ojú omi, ẹ rí i pé wọ́n fún yín ní jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, ẹni tó bá ní kò pọn dandan, ẹ má wọ tirẹ̀. Ní òdì kejì, àwọn ọlọ́kadà á pè yín. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ọ̀nà oníyanrìn tó lọ sí etí òkun yẹn gan-an ni wọ́n ń kó àwọn ẹrú gbà, ẹni tó bá gun ọ̀kadà kọjá níbẹ̀ ò tí ì dé Àgbádárìgì lójú tèmi. Igi àgbọn lọ́tùn-ún, àgbọn lósì. Kànga kan wà lọ́nà tí àwọn ará ibẹ̀ ní wọ́n ń fún ẹrú lómi rẹ̀ mu kó lè gbàgbé ilé. Ẹ ó máa gbọ́ òkun kí ẹ tó rí i. Lópin ọ̀nà ni Point of No Return wà, ibi àlọ-àìbọ̀: òpó gíga méjì tó tẹ̀ díẹ̀ síhà omi.

Tíṣà_Jógíráfì (Òmù-Àrán)

Ìyá Wàrà ti sọ ti ilẹ̀, kí n sọ ti omi, nítorí òun ló ń pa àjèjì.

Òkun ti Àǹtí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń wọ́ lọ jìnnà, ó sì máa ń wọ́ padà. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín ìgbà tó kún àti ìgbà tó fà, kò ju nǹkan bí mítà kan lọ. Ẹ máa wò ó pé ó rọrùn nìyẹn. Kò rọrùn. Etí òkun wa dàgẹ̀rẹ̀ púpọ̀, ìgbì ń fọ́ nítòsí ilẹ̀, bó bá sì ń padà, ó máa ń gbá ẹsẹ̀ èèyàn lọ. Ẹ má wẹ̀ níbẹ̀, kódà kí ẹ mọ̀wẹ̀ bí ẹja. Bí ẹ bá fẹ́ fẹsẹ̀ kan omi, kí ẹnì kan máa wo ojú òkun nígbà tí àwọn yòókù bá kọ ẹ̀yìn sí i.

Ní ti rírìn: ìyanrìn gbígbẹ tó wà lókè máa tán yín lókun. Ibi tó tutù, tí ìgbì ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò, ló le. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ló dàgẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ kan á máa ga ju ìkejì lọ, ìbàdí á sì sọ fún yín lálẹ́. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mi ni pé kí wọ́n lọ ní wákàtí kan, kí wọ́n gba ojú kan náà padà. Bí ẹ ṣe ń bọ̀, ẹsẹ̀ kejì ló máa kan. Nítorí náà ẹ má gbèrò pé ẹ fẹ́ rin ogún kìlómítà lórí ìyanrìn bíi ti àwọn òyìnbó tó ní ọ̀nà pápá. Ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, tó bá jẹ́ ti ìyanrìn, ti tó ìgbafẹ́.

Ẹ bọ́ sọ́nà lẹ́yìn Àsùbáà, kí oòrùn tó kan àtàrí kí ẹ ti padà sábẹ́ àgbọn. Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ló dára jù.

Kí n fi èyí kún un fún ẹni tó fẹ́ràn irú rẹ̀: ìyanrìn tí ẹ máa tẹ̀ yẹn kì í dúró. Ìgbì ń gbé e láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn lọ́sàn-án lóru. Nígbà tí ìjọba amúnisìn to òkúta ńláńlá wọ inú òkun lẹ́nu èbúté Èkó níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, ìyanrìn kó jọ sí apá ìwọ̀-oòrùn òkúta náà, òkun sì ń jẹ Bar Beach tó wà ní apá kejì fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Baba_Kẹ̀kẹ́

Tíṣà, a dúpẹ́. Ṣé ibi àlọ-àìbọ̀ yẹn náà kọ́ ni wọ́n ti gbé Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther lọ?

Ọmọ_Alfa (Ìlọrin)

Rárá o, Èkó ni wọ́n ti gbé e sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní 1822, kò sì pẹ́ tí ọkọ̀ ogun òyìnbó gba òun àti àwọn tó kù sílẹ̀, tí wọ́n kó wọn lọ sí Freetown. Àgbádárìgì ló gbà padà wọlé ní 1845, gẹ́gẹ́ bí àlùfáà, ó sì dúró níbẹ̀ títí di 1846 kó tó ráyè dé Abẹ́òkúta.

Ṣùgbọ́n Baba Kẹ̀kẹ́, ẹ ti fọwọ́ kan ohun tí mo ti ń dúró dè. Àwa ará Ìlọrin máa ń lọ sí Àgbádárìgì bí ẹni tó lọ wo ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́. A wo ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, a mi orí, a bú òyìnbó, a wọkọ̀ padà sílé. Crowther fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1837 bí wọ́n ṣe mú un ní Òṣóogùn ní 1821. Àwọn wo ló ya wọ ìlú náà? Mùsùlùmí Ọ̀yọ́, Fúlàní, àti ẹrú tó ti sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn. Ogun tó gba ilẹ̀ kan lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ Àfọ̀njá nìyẹn. Àwa tí wọ́n ń kì pé ẹṣin leégún ilé wa, ẹ gbọ́: ẹṣin ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe pàṣípààrọ̀ ọmọ náà. Nígbà tó yá, ẹṣin ò wu ẹni tó gbà á mọ́, wọ́n dá ẹṣin padà, wọ́n gba ọmọ. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé etí omi.

Nítorí náà Ọmọ_Táńkẹ̀, bó o bá dé ìdí òpó méjì yẹn, má wo iwájú nìkan. Ọ̀nà náà gùn láti ẹ̀yìn. Ọ̀dọ̀ wa lókè níbí ló ti bẹ̀rẹ̀.

ÌjàkadìLorò (Ọ̀fà)

Alfa, ẹni tó fẹ́ lọ gbafẹ́ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ lẹ gbé ogun Àfọ̀njá lé lórí.

Ọmọ_Alfa

Kó gbafẹ́ o. Atẹ́gùn ibẹ̀ dùn, mi ò sọ pé kó sunkún. Àmọ́ bó bá jẹ́ atẹ́gùn nìkan ló fẹ́, kó jókòó sí bárì etí òkun ní Èkó, kó má da ara rẹ̀ láàmú dé Gberefu.

Ìgbómìnà_Gidi

Mo fara mọ́ Alfa lórí èyí. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ Òwu.

Ọmọ_Táńkẹ̀

Ẹ ṣeun gan-an, mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n béèrè: ṣé ó léwu fún obìnrin? Ó ní òun fẹ́ máa dá jáde láàárọ̀ pẹ̀lú àbúrò òun nígbà tí èmi bá ṣì ń sùn, ó mọ̀ mí. Ìrun ńkọ́? Báwo sì lọ̀nà ṣe rí báyìí?

ÌjàkadìLorò

Ọ̀nà ni kí n sọ. Bẹ́ ẹ bá wọkọ̀ Èkó láàárọ̀ kùtù ní Gáréèjì Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́, Ìbàdàn lẹ máa gbà. Ẹ má ṣírò àkókò láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú kí ẹ tó dé Èkó, ẹ sùn síbẹ̀. Ẹ má gba ọ̀nà Àgbádárìgì lóru. Lọ́jọ́ kejì, Mile 2 lẹ ti máa rí ọkọ̀. Nítorí pé ọ̀nà náà lọ sí Sẹ̀mẹ̀, ẹnu bodè Benin, kọ́sítọ́ọ̀mù, imigiréṣọ̀n àti ọlọ́pàá ti pín in mọ́ra wọn lọ́wọ́. Káàdì ìdánimọ̀ kí ó wà nítòsí ọwọ́, kì í ṣe nísàlẹ̀ báàgì. Èmi, wọ́n dá mi dúró nítorí mo ní àpò wàrà gbígbẹ. Ọ̀gá kan bi mí pé kí ni, mo ní kó tọ́ ọ wò. Ó tọ́ ọ wò ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìyá_Wàrà

😂 Ọwọ́ ta lo ti ra wàrà ọ̀hún?

Ìyàwó Táńkẹ̀, ẹ kú ilé o. Inú ìlú, lójúmọmọ, kò séwu tó ju ti Ìlọrin lọ. Àwọn Ègùn jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́, ẹ kí wọn, wọ́n á kí yín, ọ̀pọ̀ wọn gbọ́ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ibi tí etí òkun ti dá páropáro, ẹ̀yin méjì nìkan ẹ má lọ síbẹ̀. Ẹ dúró níbi tí ẹ ti ń rí àwọn apẹja tó ń fa àwọ̀n. Bí ẹ bá sì rìn débi tí ẹ kò rí èèyàn mọ́, ẹ padà. Ẹ má sì bá etí omi lọ síhà Sẹ̀mẹ̀ láìní ìwé, ẹ lè bá ara yín lọ́wọ́ imigiréṣọ̀n láìmọ̀. Lóru, Zangbeto, eégún àwọn Ègùn, ni aṣọ́de ìlú, bí ẹ bá gbọ́ pé ó ń jáde, ẹ jókòó sínú yàrá yín. Híjáàbù, ẹ wá èyí tí ẹ lè fi pín-ìn-nì mú. Atẹ́gùn òkun ò mọ àlùfáà.

Ọmọ_Alfa

Ìrìn-àjò ni, ẹ din ìrun kù. Àìlà, Alásàárì àti Àíṣáì, méjì-méjì. Àsùbáà àti Màgàríbà ò ní àdínkù. Mọ́ṣáláṣí pọ̀ nínú ìlú. Sẹ̀ríkí Abass tí Ìyá Wàrà dárúkọ yẹn, Sẹ̀ríkí Mùsùlùmí ni oyè rẹ̀.

Ọmọ_Ọ̀fà_Lókè_Òkun

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu kan ọ̀rọ̀ bàtà. Bàtà tuntun lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ ìrìn, ìyà ni. Ẹ wọ èyí tó ti mọ ẹsẹ̀ yín, kí ẹ sì máa rìn díẹ̀díẹ̀ láti ìsinsìnyí, Ìlọrin tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, torí ìyanrìn tó bá wọ inú rẹ̀ á bó yín lẹ́sẹ̀. Ohun tó gbà wá jù ní Northumberland ni pé a kì í dá ìrìn dúró nítorí ó rẹ̀ wá, a ti máa ń jókòó kó tó rẹ̀ wá. Ọjọ́ kẹta, ẹ má fi nǹkan kan sí i. Ẹ rin Màrínà láàárọ̀, ẹ wo omi, ẹ ra àgbọn.

Ọmọ mi, bẹ́ ẹ bá lọ, mo fẹ́ fótò kànga yẹn.

Ọmọ_Táńkẹ̀

Ó ti parí. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀ la máa gbéra. Ọjọ́ kan fún inú ìlú, ọjọ́ kan fún Gberefu láti òwúrọ̀, ọjọ́ kẹta kò ní iṣẹ́. A máa sùn sínú ìlú lálaalẹ́, kò sẹ́ni tó máa sùn sétí òkun. Ìgbómìnà_Gidi, lọ́jọ́ Sátidé yìí a ń bọ̀ ní Òwu láti dán ẹsẹ̀ wò, ẹ wá pàdé wa.

Ìgbómìnà_Gidi

Ẹ̀ẹ́ẹ̀ẹ́n. Mo máa dúró dè yín ní Ọ̀wà Kájọlà. Ẹ mú oúnjẹ wá.

Baba_Kẹ̀kẹ́

Ọmọ_Táńkẹ̀, ṣé àyè ẹnì kẹrin wà nínú ọ̀rọ̀ Àgbádárìgì yìí?

Ọmọ_Táńkẹ̀

Ó wà, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ la fi ń rìn o.

Baba_Kẹ̀kẹ́

Mo ti gbọ́. Sálúbàtà mi ńkọ́?

Ìyá_Wàrà

Ẹ fi sálúbàtà sílé, Baba Kẹ̀kẹ́. Ẹ lọ ra kánfáàsì.